Ahéré tí kì í tètè wó: bí a ṣe ń kọ́ ọ àti àwọn ọ̀rọ̀ tó wà nínú rẹ̀

Nígbà tí a bá sọ pé a ń lọ gba ọ̀rọ̀ sílẹ̀ ní ìgbèríko, ohun tí ọ̀pọ̀ nínú wa máa ń rò ni pé a ó jókòó sábẹ́ igi máńgòrò pẹ̀lú bébà àti ẹ̀rọ agbohùnsílẹ̀, tí àgbàlagbà kan yóò máa dá wa lóhùn. "Kí lẹ ń pe èyí?" "Òpó." "Ìyẹn ńkọ́?" "Ògiri." Báyìí ni àwa náà ṣe rò ó nígbà tí a lọ sí abà kan ní agbègbè Kétu nínú ìsinmi, pẹ̀lú àkójọ ọ̀rọ̀ 100 lórí ilé kíkọ́.

Bàbá tí wọ́n mú wa lọ bá kò jókòó. Ó ní ahéré òun ti wó nínú òjò tó kọjá, ó wó lé àgbàdo tí òun kó sókè àjà, omi sì ba gbogbo rẹ̀ jẹ́. Ọpẹ́ ni pé ìlú ni òun sùn sí lálẹ́ ọjọ́ náà. Òjò àkọ́rọ̀ kò ní pẹ́ dé, òun kò sì tíì rí ẹni tí yóò bá òun gbé igi. Ó wo bébà ọwọ́ wa, ó wo apá wa, ó ní: "Ẹ̀yin ọmọ mi, ẹ fẹ́ ọ̀rọ̀, èmi fẹ́ ilé. Ẹ bá mi kọ́ ọ, gbogbo orúkọ tí ẹ ń wá, ẹ ó gbọ́ ọ lẹ́nu mi nígbà tí ohun náà bá wà lọ́wọ́ yín."

Ọjọ́ 9 ni a lò níbẹ̀. Nínú àpilẹ̀kọ yìí, a fẹ́ ṣàlàyé bí wọ́n ṣe ń kọ́ ahéré tó lè dúró fún ọdún púpọ̀ láìlo ìṣó, sìmẹ́ńtì tàbí páànù, kí a sì sọ díẹ̀ nípa àwọn ọ̀rọ̀ tí a kó bọ̀. Ẹni tó bá rò pé ọ̀rọ̀ nìkan ló kan onímọ̀ èdè lè fò lọ sí apá ìparí, ṣùgbọ́n a kìlọ̀ fún un pé kò ní yé e dáadáa.

Kí ni ahéré? Kì í ṣe abà, kì í sì í ṣe àtíbàbà. Abà ni ibi tí àwọn àgbẹ̀ kó ilé díẹ̀ jọ sí lóko. Àtíbàbà ni òrùlé lórí òpó, tí kò ní ògiri, tí a ń pa fún ìbòòji lọ́jà tàbí níbi ìnáwó. Ahéré ní ògiri àti ìlẹ̀kùn, ènìyàn lè dáná sínú rẹ̀ kí ó sì sùn síbẹ̀. Àwọn kan á ní, kí ló dé tí wọn kò fi ra páànù? Páànù dára, òun ló bo ilé wa ní ìlú. Ṣùgbọ́n lóko tó jìnnà, ẹlẹ́ṣin irin zémidjan ni yóò gbé e dé ibẹ̀, owó sì ni. Ó ń gbóná lọ́sàn-án, ariwo òjò lórí rẹ̀ kì í jẹ́ kí a gbọ́ra, bí onílé bá sì fi í sílẹ̀ lóko fún oṣù 2, ó lè padà dé kó má bá a mọ́. Kò sí olè tó ń jí koríko.

Ibi tí a ó kọ́ ọ sí

Bàbá rìn káàkiri fún nǹkan bíi wákàtí kan kí ó tó fi àdá gún ilẹ̀ níbì kan. Ibẹ̀ ga díẹ̀ ju àyíká rẹ̀ lọ. Ó kọ́kọ́ wo òkè, nítorí igi gbígbẹ tàbí ẹ̀ka ńlá tó lè ya lulẹ̀ kò gbọ́dọ̀ wà lókè orí ẹni tó ń sùn. Lẹ́yìn náà ó wo ilẹ̀: ipa omi òjò ọdún tó kọjá ṣì hàn nínú iyanrìn, ó sì yẹra fún un. Ó wo òkìtì ikán kan tó wà nítòsí, ó ní kí a má sún mọ́ ọn jù, kí a má sì jìnnà sí i jù, nítorí a ó nílò rẹ̀. Ìdí ọ̀rọ̀ yìí ń bọ̀ níwájú.

Ọ̀rọ̀ afẹ́fẹ́ ló kàn. Ní agbègbè wa, ìjì òjò tó le, irú èyí tó ń ṣí òrùlé, láti ìlà oòrùn ló sábà máa ń wá. Ẹni tó bá ti kíyè sí ojú ọ̀run ní oṣù Kẹrin yóò ti rí i: ojú ọ̀run á ṣú ní ìlà oòrùn, afẹ́fẹ́ líle á fẹ́, eruku á gbilẹ̀, ìgbà náà ni òjò á dé. Nítorí náà ẹ̀yìn ahéré ni a kọ sí ìlà oòrùn, ìlẹ̀kùn sì kọjú sí ìwọ̀ oòrùn.

Kí a tó fi àdá kan igi, ẹ jẹ́ kí a sọ èyí kíákíá: igbó tí ìjọba yà sọ́tọ̀ wà ní Kétu àti ní Ṣábẹ̀ẹ́. Òfin igbó ilẹ̀ Bẹ̀nẹ̀, òfin 93-009 ti ọjọ́ 2 oṣù Keje ọdún 1993, kò fi àyè sílẹ̀ kí ẹni tó wù ú kàn wọ ibẹ̀ lọ gé igi láìgba àṣẹ. Lórí ilẹ̀ oko bàbá fúnra rẹ̀ ni igi tiwa ti wá.

Igi tí ikán kò fẹ́

Àyìn ni bàbá fi ṣe òpó. Igi ọ̀dàn ni, ó le, ó sì wúwo. Ẹni tí kò mọ̀ ọ́n nínú igbó mọ̀ ọ́n lẹ́nu, nítorí a máa ń fi í ṣe pákò. Ìrókò àti apá náà dára, ṣùgbọ́n ẹ mọ̀ pé ìrókò kì í ṣe igi tí a kàn ń gé bẹ́ẹ̀. Apá ní tirẹ̀ ti ṣọ̀wọ́n débi pé ní ìpàdé CITES ti ọdún 2022 wọ́n fi í sábẹ́ ìṣọ́ nínú òwò àgbáyé. Ọ̀pọ̀ àgbẹ̀ ń lo tẹ́ẹ̀kì báyìí, nítorí àwọn fúnra wọn ló gbìn ín.

Orúkọ igi nìkan kò tó. Bí a bá gé igi ní ìbú, a ó rí i pé àwọ̀ rẹ̀ kì í ṣe ọ̀kan: apá òde mọ́lẹ̀ díẹ̀, apá inú sì dúdú jù ú lọ. Apá òde ni igi fi ń gbé omi gòkè nígbà tó wà láàyè. Oúnjẹ igi wà níbẹ̀, ibẹ̀ náà sì ni kòkòrò ń wá. Apá inú ti kú tipẹ́ kí a tó gé igi náà, igi ti kó oje kíkorò pamọ́ sínú rẹ̀, ikán kì í sì í fẹ́ ẹ. Nítorí náà òpó kan tó tóbi tó itan, tí a gbẹ́ ara òde rẹ̀ kúrò títí ó fi kù bí apá, sàn ju òpó 3 tó jẹ́ kìkì ara òde lọ. Ibí yìí ni àwa ti kọ́kọ́ ṣìṣe. A rí igi kékeré 2 tó gún régé tí kò sì wúwo, a gé wọn, a gbé wọn dé pẹ̀lú ìdùnnú. Bàbá rẹ́rìn-ín: "Ẹ ṣeun. Oúnjẹ ikán lẹ gbé wá yẹn." Ó fi wọ́n dáná ní alẹ́ ọjọ́ náà.

Àwọn òpó tirẹ̀ ti wà ní gígé láti ìbẹ̀rẹ̀ ọ̀gbẹlẹ̀. Ó ti bó èèpo wọn, nítorí abẹ́ èèpo ni kòkòrò máa ń yé ẹyin sí, ó sì ti tò wọ́n sórí òkúta nínú ìbòòji kí wọ́n lè gbẹ díẹ̀díẹ̀ láìlà. Fún àwọn igi tẹ́ẹ́rẹ́ orí òrùlé, àwọn kan máa ń lo oparun. Oparun tó dàgbà dára, ṣùgbọ́n ó ní ohun dídùn nínú tí kòkòrò ń jẹ, àyàfi tí a bá rì í sínú omi fún ọ̀sẹ̀ mélòó kan kí ohun náà tú jáde. Ta ni yóò rí omi tó bẹ́ẹ̀ ní òkè Kétu, níbi tí a ti ń du omi mímu? Ọ̀pá imọ̀ ọ̀pẹ ni a lò.

Níbo ni òpó ti ń jẹrà? Àwa rò pé ìsàlẹ̀ pátápátá ni. Bàbá hú òpó kan láti inú ahéré tó wó kí a lè rí i. Ìdí rẹ̀ ṣì le, òkè rẹ̀ ṣì le, ṣùgbọ́n ní ojú ilẹ̀ gan-an ó ti rí bí ọrùn, ó tín-ín-rín débi pé a fi ọwọ́ ṣẹ́ ẹ. Àlàyé rẹ̀ kò le. Yàtọ̀ sí ikán, olú àti àwọn ẹbí rẹ̀ kéékèèké tí ojú wa kì í rí ni wọ́n ń jẹ igi, wọ́n sì nílò omi, wọ́n nílò afẹ́fẹ́. Nísàlẹ̀ omi wà, afẹ́fẹ́ kò tó. Lókè afẹ́fẹ́ wà, omi kò tó. Ojú ilẹ̀ ni méjèèjì ti pàdé, ibẹ̀ ni ogun wà.

Ìdí nìyí tí a fi yan òpó lórí iná títí ara rẹ̀ fi dúdú, láti ìdí títí dé ìwọ̀n ọwọ́ 2 lókè ibi tí ojú ilẹ̀ yóò dé. Èédú kì í ṣe oúnjẹ olú, kì í ṣe oúnjẹ ikán. Ṣùgbọ́n kí a má gbẹ́kẹ̀ lé e jù, nítorí èédú a máa là, ohun tó bá sì gba ibi tó là wọlé yóò bá igi nínú. Èrò tiwa ni pé yíyàn igi ṣe pàtàkì ju yíyan igi lọ. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ wo àmì ohùn dáadáa kí ẹ tó ní a sọ ohun kan náà lẹ́ẹ̀mejì.

Ihò òpó jìn ní 60 sẹ̀ǹtímítà. A da òkúta wẹ́wẹ́ sí ìsàlẹ̀ rẹ̀, a gbé òpó dúró, a wá ń da ilẹ̀ pupa sí i díẹ̀díẹ̀, a ń gún un bí ẹni gún iyán. Ilẹ̀ dúdú olóràá kò wúlò níbẹ̀, ó ń gba omi mọ́ra, kì í sì í le. Nígbà tí ihò kún, a mú kí ilẹ̀ ga díẹ̀ yí ìdí òpó ká kí omi lè sá kúrò níbẹ̀. Bàbá fi èjìká ti òpó náà, kò mì. Ó ní: "Ó ti fìdí múlẹ̀." Gbogbo wa wo ojú ara wa. Láti ọdún tí a ti ń kọ "fìdí múlẹ̀" nínú àròkọ wa nípa ìjọba àti ẹ̀kọ́, kò sí ẹni tó rí ìdí, tó rí ilẹ̀, tó sì rí ohun tó mú un.

Egungun ilé

Ahéré wa jẹ́ mítà 3 ní ìbú àti mítà 4 ní gígùn. Òpó kúkurú 3 wà ní ẹ̀gbẹ́ kọ̀ọ̀kan, wọ́n ga ní mítà 1,40 lókè ilẹ̀. Òpó gíga 2, tí wọ́n ga ní mítà 3, wà ní àárín iwájú àti àárín ẹ̀yìn. Orí gbogbo wọn yà sí méjì, kí igi tó dùbúlẹ̀ lè jókòó sínú rẹ̀ láìsí ìṣó. Igi gígùn kan dùbúlẹ̀ lórí àwọn òpó gíga, ó sì yọ jáde ní iwájú àti ní ẹ̀yìn ní ìwọ̀n ìgbọ̀nwọ́ kan. Nítorí òpó tó wà ní àárín iwájú, ìlẹ̀kùn kì í sí ní àárín gan-an, ẹ̀gbẹ́ òpó náà ló máa ń wà.

Ẹ jẹ́ kí a ṣírò díẹ̀. Ìdajì ìbú ilé jẹ́ mítà 1,50. Òrùlé gòkè láti mítà 1,40 dé mítà 3, ìyẹn mítà 1,60. Gígòkè rẹ̀ ju lílọ sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ lọ, nítorí náà ìdagẹ̀ẹ́rẹ́ rẹ̀ lé díẹ̀ ní dìgírì 45. Bàbá kò sọ̀rọ̀ dìgírì. Okùn kan ló ní: ó fi wọn ìdajì ìbú ilé, ó wá gbé okùn kan náà dúró ní òró láti ìpele orí òpó kúkurú, ó ní òrùlé kò gbọ́dọ̀ rẹlẹ̀ ju ibi tí okùn náà dé. Ohun tí olùkọ́ ìṣirò kọ́ wa fún oṣù 3 nìyẹn.

Kí a tó bo ilé, ó di igi ní ìdábùú sí igun mẹ́rẹ̀ẹ̀rin. A bi í léèrè ìdí rẹ̀. Ó mú ẹ̀ka kéékèèké 4, ó di wọ́n ní onígun mẹ́rin, ó tì í pẹ̀lú ìka kan, ó wó sẹ́gbẹ̀ẹ́. Ó di 3 ní onígun mẹ́ta, ó tì í, kò yẹsẹ̀. Ilé tí kò bá ní onígun mẹ́ta nínú, ìjì kan ṣoṣo ni yóò tẹ̀ ẹ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́, bí òpó rẹ̀ tilẹ̀ jẹ́ àyìn.

Ìtàkùn ni a fi di gbogbo rẹ̀. A rẹ ẹ́ sínú omi mọ́jú kí ó lè rọ̀, kí ó má baà ṣẹ́ nígbà tí a bá ń fà á. Ọwọ́ wa bó. A kò ní sọ púpọ̀ lórí ìyẹn.

Òrùlé

Òrùlé ló gba ọjọ́ wa jù, òun náà ló sì yẹ kó gba ìwé wa jù, nítorí bí òrùlé bá dára, òpó àti ògiri yóò gbẹ, ohun tó bá gbẹ kì í tètè jẹrà.

Ẹni tó bá ti jókòó sábẹ́ koríko nígbà òjò á ti ṣe kàyéfì: koríko kún fún àlàfo, kí ló dé tí omi kò fi wọlé? Kì í ṣe pé koríko ń dí omi. Omi ń tẹ̀lé ara koríko ni, láti orí èyí bọ́ sórí ìkejì, títí yóò fi dé etí òrùlé kó tó ráyè jìn wọ inú. Bí òrùlé bá dà gẹ̀ẹ́rẹ́ dáadáa, òde rẹ̀ nìkan ló ń tutù, ìwọ̀n ìka 2 tàbí 3, oòrùn ọjọ́ kejì á sì gbẹ ẹ́. Bí ó bá tẹ́jú, omi á dúró, á jìn, koríko á bu, á jẹrà. Okùn bàbá ni ó dáàbò bo koríko.

Bẹẹrẹ ni koríko náà. Àwọn baba wa mọ̀ ọ́n mọ́ ilé. Ní Ọ̀yọ́ láyé àtijọ́ ó ní ọdún tirẹ̀, ọdún Bẹẹrẹ, tí àwọn ìlú abẹ́ Aláàfin máa ń ru koríko wá fún bíbo òrùlé ààfin. Nínú igbó kìjikìji níbi tí koríko ti ṣọ̀wọ́n, ewé gbòdògì ni wọ́n ń lò. Ní apá gúúsù tiwa, lọ́nà Pọ́bẹ̀ àti Àjàṣẹ́, imọ̀ ọ̀pẹ híhun ló wọ́pọ̀ jù. Oṣù Kejìlá ni bàbá gé bẹẹrẹ tirẹ̀, nígbà tí ó ti gbẹ lórí ìdúró tí iná ìgbẹ́ kò sì tíì dé. Ọ̀sẹ̀ díẹ̀ ni àyè náà. Bí a bá gé e ní tútù, á bu nínú ìdì. Bí a bá pẹ́, iná á ti jẹ ẹ́, a ó sì máa wá koríko kiri.

A kọ́kọ́ fi ìka ya àwọn ewé kéékèèké kúrò lára koríko, nítorí ewé ló ń gba omi mọ́ra, igi koríko kì í gbà á. A dì í ní ìdì tí ọwọ́ 2 lè ká. Àwọn igi òrùlé tó ti òkè wá sí ìsàlẹ̀ jìnnà síra ní ìgbọ̀nwọ́ kan. Àwọn ọ̀pá imọ̀ ọ̀pẹ tó dábùú wọn jìnnà síra ní ìbú àtẹ́lẹwọ́ kan pẹ̀lú ìka rẹ̀ tí a nà. Láti ìsàlẹ̀ ni a ti ń bo ó lọ sókè, ìdì òkè á bo orí ìdì ìsàlẹ̀, débi pé ibikíbi tí a bá fi ọwọ́ kàn, ìpele 3 ló wà níbẹ̀. Òrùlé tó nípọn tó 20 sẹ̀ǹtímítà ni bàbá fẹ́. Etí rẹ̀ yọ jáde ní 60 sẹ̀ǹtímítà kọjá ògiri, kí omi tó ń kán má baà fọ́n ẹrẹ̀ sí ara ògiri.

Bàbá bo apá gúúsù, àwa bo apá àríwá. A yára ju bàbá lọ. Nígbà tí a sọ̀kalẹ̀, ó wọ inú ilé, ó gbójú sókè, ó ní kí a wá wo ìràwọ̀ ọ̀sán. Ìmọ́lẹ̀ ń yọ níbi púpọ̀. A tú ìlà 4, a tún un ṣe.

Òkè téńté, níbi tí apá méjèèjì ti pàdé, ni ibi tó máa ń kọ́kọ́ bàjẹ́, nítorí koríko kò lè dà gẹ̀ẹ́rẹ́ níbẹ̀. A tẹ koríko gígùn mọ́ ọn ní apá méjèèjì, a fi imọ̀ ọ̀pẹ híhun bò ó, a sì fi igi méjì méjì tí a dì ní àgbélébùú tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀. Ìyẹn nìkan ni a gbọ́dọ̀ máa pààrọ̀ ní ọdún kan sí méjì. Òrùlé tí a bá tọ́jú báyìí lè lo ọdún 5 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Iná ń dáàbò bo òrùlé. Èéfín láti inú ààrò ń gòkè gba inú koríko jáde, ó ń gbẹ ẹ́, ó ń lé kòkòrò, ó sì ń fi ẹ̀gbin dúdú bo igi òrùlé, èyí tí kòkòrò kò fẹ́. Ahéré tí ẹnikẹ́ni kì í dáná sí ń tètè bàjẹ́. Ṣùgbọ́n iná tó ń jó fòfò kò gbọ́dọ̀ sí nínú rẹ̀: ààrò náà wà ní abẹ́ ibi tó ga jù, igi 3 ni a ń tì sí i, a kì í fi koríko gbígbẹ dáná níbẹ̀, ìkòkò omi kan sì máa ń wà nítòsí.

Ògiri àti ilẹ̀ ilé

Òkìtì ikán dé wàyí. Ikán ti kó amọ̀ dáadáa jọ sínú òkìtì rẹ̀, ó ti pò ó, ó le ju ilẹ̀ lásán lọ. Ọ̀tá òpó wa ni ó fún wa ní ògiri. A gba díẹ̀ lára òkìtì àtijọ́ kan tí wọ́n ti kọ̀ sílẹ̀, a pò ó pẹ̀lú omi àti koríko tí a gé wẹ́wẹ́, a fi ẹsẹ̀ tẹ̀ ẹ́ títí ó fi ń fà. Koríko inú rẹ̀ kì í jẹ́ kí ó là púpọ̀ nígbà tó bá ń gbẹ. Láàárín òpó sí òpó, a ti hun ọ̀pá tẹ́ẹ́rẹ́ bí ẹni hun agbọ̀n. A wá ń lẹ amọ̀ mọ́ ọn láti inú àti láti òde ní àkókò kan náà, kí méjèèjì lè pàdé láàárín. Lẹ́yìn ọjọ́ 3 ó là díẹ̀díẹ̀, a fi amọ̀ ṣíṣàn rẹ́ ẹ lẹ́ẹ̀kejì. A fi àyè sílẹ̀ láàárín orí ògiri àti òrùlé fún èéfín, nítorí náà ahéré kò nílò fèrèsé. Ògiri ẹ̀yìn tó kọjú sí ìlà oòrùn ni òjò máa ń nà jù, a fi imọ̀ ọ̀pẹ híhun bo òde rẹ̀.

Àwọn kan mọ ju èyí lọ. Àwọn Batammariba, tí ilẹ̀ wọn Koutammakou wọ ìwé ogún àgbáyé UNESCO ní ọdún 2004 ní apá Tógò, tí apá Bẹ̀nẹ̀ sì darapọ̀ mọ́ ọn ní ọdún 2023, máa ń se pádi èso igi irú, wọ́n ń fi omi rẹ̀ kun ògiri kí òjò má lè tètè wẹ̀ ẹ́. Ilé wọn ní òkè àti ìsàlẹ̀, amọ̀ sì ni. Ẹgbẹ́ wa yẹ kó lọ sí ibẹ̀ lọ́jọ́ kan, bí àwọn tó ń di owó ẹgbẹ́ mú bá gbà.

Ní ìkẹyìn, a gbé ilẹ̀ inú ilé ga ní ìwọ̀n àtẹ́lẹwọ́ kan, a lù ú títí ó fi dán. A gbẹ́ kòtò yí ilé ká, abẹ́ etí òrùlé gan-an, a sì ṣí i sí apá ibi tí ilẹ̀ ti rẹlẹ̀.

Ọ̀rọ̀ tí a kó bọ̀

Bàbá kò purọ́. Ọ̀rọ̀ tí a gbọ́ pọ̀ ju 100 lọ, ṣùgbọ́n kì í ṣe orúkọ ohun èlò ló yà wá lẹ́nu jù, ọ̀rọ̀ ìṣe ni. Wọ́n ń kọ́ ilé. Wọ́n ń mọ ògiri, bí wọ́n ṣe ń mọ ìkòkò, nítorí ọwọ́ àti amọ̀ ló ń ṣe é. Wọ́n ń pa àtíbàbà, wọ́n ń pa àgọ́, wọn kì í mọ wọ́n láé. Wọ́n ń bo òrùlé, wọ́n ń rẹ́ ògiri. Nínú àkójọ ọ̀rọ̀ tí a mú lọ, "construire" kan ṣoṣo ló wà fún gbogbo rẹ̀, a sì ti fi àyè ìlà kan sílẹ̀ fún ìdáhùn.

Òpómúléró náà wà níbẹ̀, òpó gíga méjèèjì yẹn: òpó, mú, ilé, ró. Nínú ìwé, ènìyàn pàtàkì ni òpómúléró. Lábẹ́ ahéré, igi ni, a sì mọ ohun tó ń gbé. (Nínú álífábẹ́ẹ̀tì tí ilẹ̀ Bẹ̀nẹ̀ fọwọ́ sí, kp ni a fi ń kọ p yìí, òpó á di òkpó. Ẹ jẹ́ kí a fi ìjà yẹn sílẹ̀ fún ọjọ́ mìíràn.) A tún rántí búkà, ibi tí a ti ń jẹun lọ́sàn-án. Láti èdè Haúsá ló ti wá, ahéré koríko ni bukka túmọ̀ sí níbẹ̀. Koríko ti lọ, oúnjẹ ló kù.

Ọmọkùnrin kan ní abà náà, tó ń lọ sí ilé ìwé, bá wa ṣiṣẹ́ ní ọjọ́ 2. Gbogbo ohun tó wà nínú òrùlé, "igi" ló ń pè é. Kò burú, òun náà kò tíì di ọ̀kankan rí. Nígbà tí a fi máa parí, ó ń bá bàbá jiyàn lórí èyí tí ó yẹ kí a kọ́kọ́ gbé.

Àṣìṣe kan wà tí a gbọ́dọ̀ jẹ́wọ́. Ọ̀kan nínú wa tó ń kọ̀wé kò fi àmì ohùn sí i, ó ní òun yóò rántí. Nígbà tí a padà dé Calavi, a bá gbólóhùn yìí nínú ìwé rẹ̀: "ikan lo ba opo yi je". Ṣé ikán ni? Ṣé ikàn tí a fi ń se ọbẹ̀ ni? Àbí ìkan nínú wa? Àwa rẹ́rìn-ín títí, ṣùgbọ́n lójú ìwé kejì gbólóhùn mìíràn wà tí a kò lè ká títí di òní, ohùn bàbá kò sì sí lórí ẹ̀rọ nítorí báńtìrì ti kú ní ọjọ́ kẹfà.

A padà lọ ní oṣù Kẹfà nígbà tí òjò ń rọ̀ gidigidi. Bàbá wà nínú ahéré, ó ń sun àgbàdo. Òpó dúró ṣinṣin. Lára ọ̀kan, okùn ẹrẹ̀ tẹ́ẹ́rẹ́ ti ń gòkè, ọ̀nà ikán. Bàbá fi àdá họ ọ́ dànù, ó ní lẹ́ẹ̀kan lóṣù ni òun ń wò wọ́n. Omi ń kán ní ibì kan ṣoṣo, ní apá àríwá, lápá tiwa. Ó ti gbé àwo kan sábẹ́ rẹ̀. Ìdì bẹẹrẹ 2 tó kù wà lókè àjà, ó ní òun ti ń retí wa.